Àwọn Tí A Kì Í Yọ

Ní ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n fagi lé ìbò, àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ewúrẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ sínú kíláàsì. Ìgbà náà ni Kọ́lápọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì, mú ọmọ rẹ̀ Ìmísí wá fún Tinúadé ìyá rẹ̀ ní àdúgbò Ìlárè. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Ìmísí. Olúbùnmi, ìyá ọmọ náà, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, kì í wálé ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ.

“Yèyé, ẹ bá mi mú un dání títí ilé-ìwé á fi wọlé,” ni Kọ́lápọ̀ wí. “Ẹ má jẹ́ kó gbàgbé ìwé.”

Tinúadé wò ó. Ìwé tí òun alára mọ̀ kò ju kó kọ orúkọ rẹ̀ lọ, ìyẹn náà tí ẹnikẹ́ni ò bá ti kán an lójú. Ṣùgbọ́n ó gba ọmọ. Ilé ti dákẹ́ jù.

Àsìkò ọyẹ́ ni. Láàárọ̀, kùrukùru á bo gbogbo Ìlárè, àwọn ilé òdìkejì á wá dà bí ohun tí èèyàn ń rántí fẹ́ẹ́rẹ́. Inú kùrukùru yẹn ni àwọn méjèèjì ti ń ṣe ilé-ìwé tiwọn. Ìmísí á kúnlẹ̀ kí Yèyé, á gbálẹ̀, á wá jókòó ti atẹ ẹ̀wà.

“Ojú la fi ń ṣa ẹ̀wà, ọwọ́ kàn ń tẹ̀lé e ni,” Tinúadé á wí. “Ẹni tó bá ń fọwọ́ nìkan ṣà á, eyín rẹ̀ ni yóò rí òkúta.”

Bí ẹ̀wà bá tán, wọ́n á lọ ra òmíràn lọ́wọ́ Hàjàrá ní Sábó. Tinúadé kọ́ ọmọ náà pé kó máa wo àtàǹpàkò ẹni tó ń wọn ọjà, torí àtàǹpàkò tó bá wọnú kóńgò, àyè ẹ̀wà ló gbà. Lọ́jọ́ kan, Ìmísí tẹjú mọ́ ọwọ́ Hàjàrá títí obìnrin náà fi rẹ́rìn-ín.

“Màmá, ọmọ yín ń wò mí bí ọlọ́pàá.”

“Ilé-ìwé ló wà,” ni Tinúadé dáhùn. “Má dá a lóhùn, ṣáà yọ àtàǹpàkò ẹ.”

Ẹ̀wà náà ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò. Tinúadé ò mọ nọ́ńbà orí bébà, ṣùgbọ́n ó mọ bí àwọn ìyá rẹ̀ ṣe ń kà: bí a bá ti kọjá ọgbọ̀n díẹ̀, a ti ń wo ogójì lókèèrè, a ó ní ó ku márùn-ún ká débẹ̀, ó ku mẹ́rin, ó ku mẹ́ta, bí ẹni tó ń rí òrùlé ilé bọ̀ nínú kùrukùru. Kò pẹ́ tí Ìmísí fi ń kà á lójú oorun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, baba àgbà Ògúndèjì, aládùúgbò wọn, àti àwọn ará ilé rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ìmísí na ìka sí wọn. “Ení, èjì, ẹ̀ta...”

Tinúadé di ìka náà mú. “Rárá o, ọkọ mi. Ẹ̀wà là ń kà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

“Kí ló dé, Yèyé?”

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Tinúadé ti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti mú ojú rẹ̀ wúwo, ohùn ọmọ náà sì ń dún láti ọ̀nà jíjìn bí ohùn inú àlá, ló bá sọ ọ́. Ìjọba rán àwọn kan wá sílé yìí láti wá ka èèyàn. Kọ́lápọ̀ wà lẹ́yìn òun nígbà náà. Wọ́n ní ọmọ mélòó? Ó ní mẹ́rin. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Oṣù mìíràn ò tíì lé tí ìgbóná fi wọlé. Dúrósinmí ló kọ́kọ́ lọ, ẹni tí a ní kó dúró. Ọmọ́ṣaléwá tẹ̀lé e. Ọlátúnbọ̀sún ló ṣìkẹta. Àwọn àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ wọn mọ́, kí èyí tó kù má baà gbọ́ kó tẹ̀lé wọn. Ẹ̀yìn náà ló tó bí Tèmítọ́pẹ́.

“Ṣé àwọn ọmọ náà ṣì máa ń wá?” Ìmísí béèrè.

“Nígbà ọyẹ́, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn níta. Wọn kì í wọlé.”

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà, Tinúadé á máa rọra sọ fún un bí wọ́n ṣe rí, àti ọbẹ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ò fẹ́.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Kọ́lápọ̀ dé. Kò tíì jókòó tó fi sọ ohun tó gbé e wá. Ilé-ìwé aládàáni kan wà ní Ìbàdàn tí kò daṣẹ́ sílẹ̀, Olúbùnmi sì ti gba fọ́ọ̀mù. Bí òun bá rí i pé orí ọmọ ti ń dípẹtà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lòun á mú un lọ.

Tinúadé ní, “Dán an wò.” Ó mọ ohun tí ọmọ náà mọ̀.

Kọ́lápọ̀ wò yíká, ó rí àwọn ará ilé Ògúndèjì lábẹ́ máńgòrò. “Ìmísí, èèyàn mélòó ló jókòó síbẹ̀ yẹn?”

Ìmísí wolẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.

“Kọ́lápọ̀,” Ògúndèjì ké láti abẹ́ igi, “àwa lo wá fi ń ṣe ìṣirò? A ti di ẹ̀wà lónìí nìyẹn.”

“Ẹ má bínú, bàbá. Ìmísí, ó dáa, fi èyí tó rọrùn ṣe é. Ọmọ mélòó ni Yèyé bí?”

Omijé bọ́ lójú ọmọ náà. Ó mirí.

“Ó ti tán,” Kọ́lápọ̀ wí. “Ọmọ tó gba ipò kẹta ní kíláàsì. Yèyé, n ò bá yín jà, ẹ ṣe ìwọ̀n tẹ́ ẹ lè ṣe. Ìmísí, lọ di ẹrù ẹ.”

Tinúadé jókòó bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Bó bá ní òun ló kọ́ ọmọ náà léèwọ̀, Kọ́lápọ̀ á ní ohun tí òun ń sọ gan-an nìyẹn. Bó bá sì ní kí ọmọ kà, ilẹ̀kùn tó ti sé láti ogójì ọdún, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ṣí i. Kọ́lápọ̀ àti Tèmítọ́pẹ́ ló kù lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀hún. Ó wo ọmọ náà tó ń lọ sínú ilé, tó fi èjìká méjèèjì há ọrùn. Àṣẹ òun ló ń pa mọ́. Ọmọ náà gbà kí wọ́n pè é ní òpè nítorí àṣẹ náà.

“Ìmísí, ọkọ mi, padà wá. Kà wọ́n. Èmi ọlọ́mọ ni mo ní kó o kà wọ́n.”

“Pẹ̀lú orúkọ?”

“Pẹ̀lú orúkọ.”

Ìmísí nu imú. “Ení ni Dúrósinmí. Èjì, Ọmọ́ṣaléwá. Ẹ̀ta, Ọlátúnbọ̀sún. Ẹ̀rin, bàbá mi. Àrún, Àǹtí Tèmítọ́pẹ́. Márùn-ún ni Yèyé bí. Bí a bá yọ mẹ́ta, ó ku méjì.” Ó gbójú sókè wo bàbá rẹ̀. “Ṣùgbọ́n a kì í yọ wọ́n.”

Tinúadé tẹ́tí. Ọyẹ́ gba orí máńgòrò kọjá, ewé kan já bọ́. Kò sí nǹkan mìíràn. Kọ́lápọ̀ wà níwájú rẹ̀, ó ń mí.

“Yèyé,” ó wí jẹ́jẹ́, “ta ni Dúrósinmí?”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ. Òun ló kọ́kọ́ pọ̀n ọ́ jáde síta.”

“Mo rò pé èmi ni àkọ́bí.”

“Àwa la fi ọ́ ṣe àkọ́bí.”

Kọ́lápọ̀ bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ẹní. “Kí Ìbàdàn ṣì wà níbẹ̀. N ó máa mú ìwé wá ní gbogbo Sátidé. Kẹ́ ẹ máa kọ́ ọ ní tiyín lọ.”

“Ìwọ ńkọ́?” ni Tinúadé wí. “Ẹ̀yìn Ìmísí lo wà ní kíláàsì tiwa.”

Kọ́lápọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti kún ojú rẹ̀. “Ẹ kọ́ mi nígbà náà. Irú èèyàn wo ni wọ́n?”

Ìmísí ló kọ́kọ́ dáhùn.

“Dúrósinmí ò fẹ́ràn ilá.”

“Ẹ̀gúsí ni,” ni Tinúadé wí. “Ọlátúnbọ̀sún ni kò fẹ́ ilá.”

“Ẹ̀gúsí,” Ìmísí gbà. Ó wá súnmọ́ bàbá rẹ̀ lórí ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.