Ọpọlọ Méjì Nínú Yàrá Kan

Obìnrin kan ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń ya àwòrán tó ń rìn fún àwọn ọmọdé. Ọ̀gá ni gbogbo èèyàn ń pè é níbẹ̀, àfi àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀gá náà kì í pe àbúrò yìí lórúkọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń pè é, nítorí pé láti kékeré ni ara rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Ọ̀gá ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo àwọn yòókù ń gbé iṣẹ́ wá bá, tó ń to àwòrán pọ̀ títí wọn yóò fi rìn. Èyí tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní kí wọ́n rà lọ́dún tó kọjá kò bá wọn kalẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn ún wọra. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ńlá kan wá ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, kò sọ pé òun ń lọ, kò sì sọ pé òun ò lọ. Ohun tó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni pé tí òun bá tún ṣi sáfà yàn, òun á gbà pé òun ò wúlò fún un, òun á sì lọ.

Ọ̀gá ò fẹ́ kó lọ rárá. Ṣùgbọ́n kò lè la ẹnu sọ pé kó má lọ. Ẹni tó ti ń pàṣẹ fún ọmọ láti ìgbà tó ti ń kọ́ ìrìn, báwo ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́?

Ọlọ́jà kan yá wọn ní sáfà méjì láti dán wò, pé kí wọ́n mú ọ̀kan, òun á wá gbé èkejì lọ́la. Ọpọlọ wọn ló yàtọ̀, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń ronú nínú kọ̀ǹpútà. Ọpọlọ ti àkọ́kọ́ ní òṣìṣẹ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sáré bí ìgalà. Àwọn òṣìṣẹ́ inú èkejì kò yára, àmọ́ wọ́n pọ̀ bí eèrà. Ọ̀gá ní ti àkọ́kọ́ tẹ́ òun lọ́rùn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, èkejì lòun mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì pé bí ogún ọ̀lẹ bá péjọ, ọ̀lẹ náà ni wọ́n. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bi í bóyá sáfà ló ń bú ni àbí òun. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Ọ̀gá ò dé inú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé iṣẹ́ kan náà fún àwọn méjèèjì: àwòrán ewúrẹ́ kan tó ń gun òkè nínú òjò. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ dáhùn fóònù. Ó wá ku Ọ̀gá nìkan nínú yàrá. Ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo ló wà lára ògiri, obìnrin náà sì mọ̀ pé ooru ni ọ̀tá kọ̀ǹpútà. Ó wo sáfà àbúrò rẹ̀ bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó fẹ́ sá eré ìje. Ló bá mú páálí kan, ó gun àga, ó fi há ẹnu ẹ̀rọ amúlétutù, gbogbo atẹ́gùn tútù sì yà sọ́dọ̀ sáfà olóṣìṣẹ́ púpọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ọwọ́, ó lọ jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Sáfà Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ́kọ́ parí, èkejì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́, ó ní òun ti mọ̀ pé àbúrò òun ò ní ṣì í. Àbúrò rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí sáfà kọ̀ọ̀kan ti ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ọpọlọ tí ooru bá mú máa ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná. Sáfà tí Ọ̀gá mú gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ, èkejì sì tutù bí omi àmù. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbójú sókè, ó rí páálí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló gun àga?"

"Àga wo?"

"Èyí tí bàtà yín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Ọ̀gá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Láìwọ bàtà ló ti ń rìn káàkiri ilé iṣẹ́, kò mọ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò pariwo. Ó yọ páálí, ó jẹ́ kí sáfà méjèèjì tutù, ó sì tún gbé iṣẹ́ náà fún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn méjèèjì jókòó tì í. Sáfà tí Ọ̀gá mú ló wá borí, kì í sì í ṣe pé ó fi púpọ̀ borí. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí kiri: bóyá òjò inú àwòrán náà ló pọ̀ jù, bóyá wáyà kan ló tẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní kó jọ̀wọ́ sinmi ẹnu díẹ̀, ó sì ń yẹ nǹkan wò títí ó fi rí ìdí rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán ti pẹ́. Òṣìṣẹ́ díẹ̀ péré ló lè pín iṣẹ́ fún lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù kàn káwọ́ gbera ni. Níbòmíràn, sáfà rẹ̀ lè borí. Níbí, kò lè borí.

"Mo tún ti ṣì í yàn," ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì rọra dìde.

Ọ̀gá wá la ẹnu sọ ọ́ níkẹyìn. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó bá jẹ́ ẹni tí kì í ṣàṣìṣe ni mo ń wá, ṣé èmi alára á wà níbí? Ìwọ ni mo fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi. Jọ̀ọ́, má lọ."

Àbúrò rẹ̀ ò gbọ́ jọ̀ọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó wá bi í pé kí ló dé tí kò ti sọ ọ́ tipẹ́, dípò kó máa gun àga. Ọ̀gá ní òun rò pé kò yẹ kí àgbà dí ọmọ lọ́nà.

"Ẹni tí wọn ò sọ fún pé kó dúró," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, "ṣé kò ní máa wo ọ̀nà ni?"

Ó fi fóònù pe ilé iṣẹ́ ńlá náà níbẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní iṣẹ́ kún òun lọ́wọ́. Ọ̀gá wo fèrèsé kí àbúrò rẹ̀ má baà rí ojú òun.

Nígbà tí ọlọ́jà dé, wọ́n di sáfà olóṣìṣẹ́ púpọ̀, wọ́n sì jọ gbé e. Ó wúwo. Ní ẹnu ọ̀nà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní òun ni yóò fẹ̀yìn rìn, Ọ̀gá ní àgbà ló ń ṣíwájú. Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọlọ́jà sì ń fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ níta.