Orin Tí A Ò Mọ Ìtumọ̀ Rẹ̀

Ohùn náà bú jáde láti inú sípíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifísàn, gbogbo àwọn bàbá tó jókòó sí pálọ̀ Àlàájì Tàjúdínì sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn, nílé Àlàájì ní àdúgbò Broukro, nílùú Bouaké ní Côte d'Ivoire. Àwo ìrẹsì wà lọ́wọ́ Sìdíkátù, ìyàwó Àlàájì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé e kalẹ̀ ni. Sípíkà yẹn, wáàsí nìkan ni ọkọ rẹ̀ máa ń fi gbọ́. Báyìí, ìlù tó ń sáré àsápajúdé ló ń tinú rẹ̀ jáde, àti gìtá tó ń han bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, àti ọkùnrin kan tó ń ké láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun bí ẹni tí wọ́n ń dá lóró. Sìdíkátù mọ ohùn náà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Fadila sáré jáde, fóònù lọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ariwo náà dá.

"Pardon, Bàbá," ló wí, ó kúnlẹ̀. "Fóònù mi ló so mọ́ ọn fúnra rẹ̀."

Bàbá Sàbítù tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ rọra mu omi, ó gbé ife kalẹ̀. "Tàjúdínì," ló wí, "ènìyàn kọ́ ló ń fọ irú ohùn yẹn." Wọ́n jẹ ìrẹsì náà o, àmọ́ bí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ ilé òfò ni wọ́n ṣe jẹ ẹ́, wọ́n sì tètè dìde.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Àlàájì kò pariwo. Èyí ló dẹ́rù ba Sìdíkátù jù. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń pariwo, ìbínú náà ti fẹ́ tán nìyẹn. Bó bá rọra ń sọ̀rọ̀, ó ti pinnu ohun tó fẹ́ ṣe.

"Fadila, kí ni ọkùnrin yẹn ń sọ?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni, Bàbá. N ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

"O ò mọ ohun tó ń sọ, o wá ń fetí sí i?"

Fadila tẹjú mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtajà oògùn, ṣùgbọ́n níwájú bàbá rẹ̀ ó kéré bí ọmọ iléèwé.

"Ẹyin lọ̀rọ̀," Àlàájì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹni tó ń ké báyẹn, n ò rò pé àdúà ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Oṣùọlálé, ọmọ ìlú wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, kàwé Gẹ̀ẹ́sì. Yóò wá lọ́jọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun alásárì, yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ibi, wàá bá ọkọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí, Sìdíkátù ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọdún tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Bouaké, ọmọ ọdún mẹ́fà ni Azeezah, àkọ́bí rẹ̀, oyún Fadila sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí Azeezah lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún oṣù mẹ́ta péré, títí ìlú yóò fi rọ̀. Oṣù mẹ́ta di ọdún mẹ́jọ. Kí ọ̀nà tó là, ọmọ ti di ọmọ ẹlòmíràn: ìyàwó ẹ̀gbọ́n Àlàájì ló ń pè ní Màmá, Sìdíkátù wá di "Màmá Abíjàn", bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bouaké ni wọ́n bí ìyá náà sí, kò sì gbé Abíjàn rí. Azeezah ti lọ́kọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ó ti bímọ. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń pè, kíkí lásán ni: ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ará ilé ńkọ́, ọjà ńkọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù láàárín wọn. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ọmọ Azeezah bú sẹ́kún lórí fóònù, Azeezah sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin kan rẹ̀ ẹ́. Orin tí Sìdíkátù fi rẹ òun náà lẹ́kún ni, orin kan ní èdè Baoulé, èdè àwọn onílẹ̀ Bouaké, ohùn ò yẹ̀, ọ̀rọ̀ ò yẹ̀. Sìdíkátù gbá fóònù mọ́ etí, ó sì sunkún láìjẹ́ kí ọmọ gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ yàrá Fadila, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn kan ni?"

"Ẹgbẹ́ kọ́, Màmá. C'est de la musique, c'est tout."

"Yorùbá ni kó o sọ fún mi."

"Orin lásán ni."

"Orin tí o ò mọ ohun tó ń sọ, kí lo wá ń gbádùn nínú rẹ̀?"

"Màmá, ẹ rántí Qoreebah."

Báwo ni yóò ṣe gbàgbé? Ọ̀rẹ́ Fadila ni. Fadila ló wa alùpùpù, Qoreebah jókòó sẹ́yìn rẹ̀, tírélà kan sì tì wọ́n kúrò lójú ọ̀nà Diabo. Ara Fadila kàn bó ni. Qoreebah kò dé ilé ìwòsàn.

"Gbogbo ènìyàn ní kí n gba kádàrá," ni Fadila wí. "Mo gbà á. Ṣùgbọ́n igbe kan há sí mi lọ́fun láti ọjọ́ yẹn, kò lọ, kò bọ̀. Ọkùnrin yẹn ló ń bá mi ké e. Bí mo bá wá mọ ohun tó ń sọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni màá máa gbọ́, igbe náà ò ní jẹ́ tèmi mọ́."

"Bó bá jẹ́ Ṣàìtáánì ló ń pè ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ọ̀rọ̀ orin náà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. N ò wò ó rí."

Lọ́jọ́ Ajé, Sìdíkátù lọ sí ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní Grand Marché, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó ń ká ànkárá, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Kò mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin Baoulé yẹn jẹ́jẹ́.

Monica, ọmọ Baoulé tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí àwọn méjèèjì ti jọ wà lójú kan. Dioula, èdè ọjà, ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Baoulé tí Sìdíkátù gbọ́ kò ju kíkí àti iye owó aṣọ lọ, kò sì nílò jù bẹ́ẹ̀.

"Anago," ni Monica wí, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, "ta ló kú nílé yín?"

"Kí ló dé tó o fi bèèrè?"

"Orin tó o ń kọ ni. Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Lẹ́nu tìrẹ ni. Ọdún kan lo ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́ bó o ti ń ká aṣọ. Mo ní orin arẹmọlẹ́kún ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú Monica. "Ọdún tí ìyá mi kú nìyẹn. Bí wọ́n bá ń gbé òkú jáde nílé lábúlé wa, orin tí àwọn obìnrin ń kọ nìyẹn. À ń sọ fún òkú pé: máa lọ, má wẹ̀yìn, a ti ti ilẹ̀kùn."

Sìdíkátù rí ara rẹ̀ ní ibùdókọ̀ lọ́dún ogun yẹn, ikùn níwájú, Azeezah ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, òun náà sì tẹ̀ba mọ́ ọn létí, ó ń kọ ọ́ sí i. Máa lọ. Má wẹ̀yìn. Ṣé òun ló fi ẹnu ara òun lé ọmọ òun lọ? Ó pinnu pé òun ò ní sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan, pàápàá jù lọ Àlàájì, nítorí bó bá gbọ́, kò ní dárí jì í láéláé.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, Oṣùọlálé dé pẹ̀lú dígí lójú, ó múra bí ẹni tó ń lọ jẹ́rìí nílé ẹjọ́. Ó fi okùn fóònù setí láti gbọ́ orin náà, ojú rẹ̀ sì fún bí ẹni tó jẹ orógbó.

"Àlàájì, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni," ló wí nígbà tó yá, "ṣùgbọ́n irú èyí, wọn ò kọ́ wa níléèwé. N ò mú ọ̀rọ̀ kan."

"Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀," ni Fadila wí. Ó wá ojú ewé náà jáde, ó sì na fóònù sí i.

Oṣùọlálé kà á sínú, ó wo ojú Àlàájì. "Ó ní inú òkùnkùn ni òun ń gbé. Ó ní òun pọn ikú sẹ́yìn bí ọmọ. Ó ní òun fi ọjọ́ tí wọ́n bí òun gégùn-ún."

Fadila fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀, níbi tí Qoreebah dì mú lọ́jọ́ yẹn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó tán," ni Àlàájì wí jẹ́jẹ́. "Ègún ló ń fetí sí nínú ilé mi. Ìyá Azeezah, bá a di ẹrù rẹ̀."

Bí Sìdíkátù bá dákẹ́, Fadila yóò lọ. Bó bá sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ yóò mọ ohun tó kọ sétí Azeezah. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Azeezah, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ inú orin la fi ń léni kúrò nílé, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ di ẹrù fún."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, látorí Monica dé ibùdókọ̀. Kò fi ìkankan pamọ́. Oṣùọlálé ń wo ilẹ̀. Àlàájì ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

"Orin tó o máa ń kọ nígbà tí ìbọn ń dún? Tí èmi pàápàá máa ń ní kó o kọ?"

"Òun ni."

"Orin òkú ni?"

"Orin òkú ni. N ò mọ̀, ẹ̀yin náà ò mọ̀. Ṣé òkú lẹ gbọ́ nínú rẹ̀?"

Àlàájì fọwọ́ yí fìlà náà lórí orúnkún rẹ̀.

"Rárá," ni Àlàájì wí. "Mo máa ń rí oorun sùn ni."

Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Oṣùọlálé, a dúpẹ́. Bí Bàbá Sàbítù bá bèèrè, ní kó wá bá èmi." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Fadila. "Má jẹ́ kí nǹkan yẹn tún so mọ́ sípíkà mi mọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ gbéra láìsí Fadila nínú rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni fóònù Sìdíkátù dún.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá Abíjàn. Ará ilé ńkọ́?" Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Azeezah ní kí ìyá òun má bínú, ó sì gbé orin náà sẹ́nu.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń bọ́ sí Sìdíkátù létí lọ́kọ̀ọ̀kan: máa lọ, má wẹ̀yìn. Ọmọ ọmọ òun ni wọ́n ń kọ ọ́ sí yìí. Ẹ̀rù bà á débi pé ó fẹ́ pariwo pé kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bí ẹkún náà ṣe ń rọlẹ̀. Ló bá bá a gbè é.

Azeezah dánu dúró. "Ẹ ṣì rántí ẹ̀, Màmá?" Kò fi Abíjàn kún un. "Mo ti fẹ́ bi yín tipẹ́. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Sìdíkátù di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Orin arẹmọlẹ́kún ni," ló wí. "Kọ ọ́ lọ. Ọmọ ti fẹ́ sùn."