Oko Inú Dígí

Apá Ìyá Sàúdátù ti wọ inú omi dé ìgbọ̀nwọ́ nígbà tí Rasheed, ọmọ rẹ̀, ṣílẹ̀kùn pálọ̀ wọlé. Màmá kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń tu koríko lọ ní tirẹ̀ ni.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe nínú àpótí ẹja mi?"

"Mò ń bá ọ ro ó ni. Ṣé o ò rí i pé koríko ti bo iwájú rẹ̀ ni? Ulé kọ́ ni wọ́n ti ń jẹ́ kí koríko hù. Bí àlejò bá wọlé ńkọ́?"

Rasheed bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo inú àpótí dígí náà. Ewéko kéékèèké tó ti ń fi sùúrù tọ́jú níwájú àwọn ẹja rẹ̀ ti di àwátì. Iyanrìn ló kù, ó mọ́ tónítóní. Ìta ni Màmá kó koríko náà sí, ewúrẹ́ aládùúgbò sì ti ń bá wọn palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

"Koríko kọ́ o, Màmá. Èmi ni mo gbìn ín. Èkó ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi."

Ojú ti Màmá gan-an. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó jókòó. Láti ìgbà tó ti ṣubú sóko ní Èmùré, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ni Rasheed ti mú un wá sí Ìkéré, ó ní orúnkún yẹn ò gbé oko mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń roko láti kékeré, tí wọ́n wá ní kó máa wo tẹlifísàn, báwo ni ọwọ́ ò ṣe ní í yún un? Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé òun yóò padà, ojoojúmọ́ ni àyà Rasheed sì ń já.

"Mo ti ba uṣẹ́ rẹ jẹ́," ni Màmá wí. "Bá mi pe ọlọ́kadà. N ó máa lọ sí Èmùré."

Ìgbà náà ni Waliyat, ìyàwó Rasheed, ti ilé ìdáná jáde. Ó wo iyanrìn, ó wo ewúrẹ́ lójú fèrèsé, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ewúrẹ́ Ìyá Gbénga ti jẹun Èkó lónìí!"

Ẹ̀rín náà ran ọkọ rẹ̀, ó sì ran Màmá alára. Rasheed jókòó tì í, ó ṣí àwòrán ewéko lórí fóònù.

"Ẹ ò lọ síbì kankan. Ẹ̀yin lẹ tu ú, ẹ̀yin lẹ máa yan òmíràn. Ó gbọ́dọ̀ kúrú, kó má baà bo ẹja mọ́ wa lójú. Ó sì gbọ́dọ̀ láwọ̀ tó dáa."

Waliyat na ìka sí ọ̀kan tó jẹ́ àwọ̀ pọ́pù. "Èyí ni, Màmá. Ó bá kọ́tìnì wa mu."

"Ṣé kọ́tìnì ló ń gbé inú omi ni?" Màmá fa fóònù náà mọ́ra. Ojú kì í rí arẹwà kó má kí i: ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí ọ̀kan tó pupa bí ẹ̀jẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

Rasheed họrí. "Ìyẹn ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Sólà wa lè gbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó máa ń ga, èèyàn ní láti máa gé orí rẹ̀, kó sì tún èyí tó gé gbìn. Àwa kì í sì í sí nílé."

"Ta ni kì í sí nílé? Èmi ńkọ́?"

Màmá tún wo àwòrán náà títí. "Pupa ni kẹ́ ẹ rà," ló wí níkẹyìn. "Ẹ ra pọ́pù díẹ̀ sí igun fún Waliyat, kó má baà bínú. Kí aláwọ̀ ewé wà láàárín wọn."

Ó wá fóònù tirẹ̀, ó pe Mojírádé, àbúrò rẹ̀ ní Èmùré, ó sì pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí ohùn òun fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

"Mojírádé! Oko mi yẹn, máa dá a lọ. Mi ò bọ̀ mọ́. Mo ti rí oko níbí."

Ó tẹ́tí sí ìbéèrè àbúrò rẹ̀.

"Rárá, kò sí uṣu níbẹ̀," ló dáhùn. "Ẹja ni."