Ilé Tí Wọ́n Wò Kí Wọ́n Tó Yan Ajá

Aránṣọ kan mú Ìyá Ajá lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sọ pé ilé òun ni.

Yàrá kan ṣoṣo ló ní, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kọjú sí fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí ìlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan, ó yíjú láti mú sísọ́ọ̀sì, ó bá ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí lẹ́yìn òun gan-an. Ọkùnrin náà kàn béèrè ọ̀nà ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò mú nǹkan kan. Ṣùgbọ́n aránṣọ kò gbọ́ ìlẹ̀kùn, kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Etí rẹ̀ ti ń di díẹ̀díẹ̀, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ajá tí yóò máa gbọ́ fún un ló ń wá.

Ìyá Ajá ni àdúgbò ń pe obìnrin tó ń sin ajá tó sì ń ta ọmọ wọn. Wọ́n ní kì í ta ajá fún ẹni tí kò bá tíì dé ilé rẹ̀, àti pé ó lé tíṣà kan padà nítorí pé ilé rẹ̀ kò ní ọgbà. Ọ̀rọ̀ yìí já aránṣọ láyà. Bí tíṣà tó ní odindi ilé kò bá rí ajá gbà, kí ni ti oníyàrá kan?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. "Èmi tí mo kórìíra ajá! Bó bá bi mí léèrè ńkọ́?"

"Ẹ ní àlejò ni yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́."

"Àlejò, nínú ilé tí mo fi òógùn ojú mi kọ́!" Ó bú sẹ́rìn-ín, aránṣọ sì mọ̀ pé ó ti gbà.

Nígbà tí Ìyá Ajá dé, kò jókòó. Ó yí àgbàlá po, ó fọwọ́ ti géètì wò. Ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Aránṣọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan láti mú ife, ó bá àwo. Ó ṣí èkejì, ó bá oògùn.

"Apá ọ̀tún ni," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ láti orí àga.

"Àlejò yín yìí mà mọlé ju onílé lọ o," ni Ìyá Ajá wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Aránṣọ yára bu omi wá.

"Kí lẹ fẹ́ kí ajá náà máa ṣe fún yín?"

Ìbéèrè tó ń bà á lẹ́rù nìyí. Bó bá ní etí òun ń di, ṣé obìnrin yìí kò ní béèrè bí yóò ṣe máa gbọ́ ẹkún ọmọ ajá? "Kó máa sáré káàkiri àgbàlá," ó dáhùn. "Kí ilé má baà dákẹ́ jù."

Ìyá Ajá gbé ife omi kalẹ̀. "Ó dáa. Mo mọ èyí tó yẹ yín."

Akọ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ló mú wá. Nínú yàrá kan ṣoṣo tí aránṣọ mú un lọ, ajá yìí da òwú nù, ó jẹ etí aṣọ oníbàárà. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń yọ̀ mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, aránṣọ tún yíjú, ó bá oníbàárà kan lẹ́yìn rẹ̀, ajá sì ń lá ọwọ́ onítọ̀hún. Kò gbó rárá.

Aránṣọ fà á lọ bá Ìyá Ajá, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ta ló ní nítorí ọgbà ni mo ṣe lé tíṣà yẹn?" ni Ìyá Ajá wí. "Kì í gbélé láti àárọ̀ di alẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ, yàrá kan ti tó yín! Abo kékeré kan wà nínú àwọn ọmọ ajá náà tí kì í kúrò lẹ́sẹ̀ èèyàn. Bí ìlẹ̀kùn bá mì báyìí, á dìde, á máa gbó. Ká ní ẹ sọ ni, òun ni ǹ bá fún yín."

"Ó dà báyìí?"

"Bàbá arúgbó kan ti mú un lọ. Ìyá wọn ti dàgbà, n kò ní jẹ́ kó bí mọ́. Ẹ mú akọ yìí lọ síbi tí mo yàn án fún."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó bó ṣe ń fa ajá wọ géètì. "O ní kí n di àlejò, mo di àlejò. Ó wá ku kí n di alájá!" Ṣùgbọ́n kò ti géètì.

Ibẹ̀ ni ajá náà wà. Ó ń sáré yí àgbàlá po, onílé sì ń bú u láràárọ̀ kó tó fún un lóúnjẹ. Aránṣọ kò ní ajá. Ó ti yí ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí ìlẹ̀kùn. Ìmọ́lẹ̀ kò tó ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ìránṣọ rẹ̀ ń wọ́, àwọn oníbàárà sì ti ń gbé aṣọ wọn lọ síbòmíràn.