Ìdajì Àga

Pákó kò sí. Mo ní kò sí… mo sọ ọ́ fún Màmá Tíṣà lẹ́ẹ̀mẹta. Ilé ìlagi wà lódìkejì odò, láti ìgbà tí ogun sì ti dé, kò sí ẹni tó gbé gedú kankan kọjá lórí afárá. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Kí ni wọ́n wá ń wò ní kọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ mi? Kí ni wọ́n ń wò bẹ́ẹ̀?

Wọn ò ní kí n fún àwọn ní pósí tó wà níbẹ̀. Màmá Tíṣà kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ títí ọmọ á fi jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀. Wọ́n wo pósí, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Káfíńtà, ọ̀la ni o. Ẹni mẹ́rin péré ló máa jókòó."

Ẹni mẹ́rin. Méjì tiwa, méjì tiwọn. Láti oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń lọ dúró ní ẹsẹ̀ afárá lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n ń pe àwọn ará ọ̀hún sí ọ̀rọ̀ àlàáfíà — Màmá Tíṣà, ìyá aránṣọ, awakọ̀ kan tí kò ní ọkọ̀ mọ́… wọn ò ju méje lọ. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ kì í kún agbọ̀n, ṣé odò ló máa wá kún? Lọ́sẹ̀ kejì, òkúta ni àwọn ará ọ̀hún fi kí wọn. Lọ́sẹ̀ kẹta, nọ́ọ̀sì kan pariwo láti ọ̀hún pé ìgbẹ́ gbuuru ń pa àwọn ọmọdé, pé oògùn ti tán. Màmá Tíṣà ló gbé oògùn náà dé àárín afárá, àwọn àti orúnkún tó ń dùn wọ́n. Láti ọjọ́ náà, ìbọn kì í dún níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti aago méjìlá títí di aago méjì. Wákàtí méjì péré, lẹ́yìn ogun ọlọ́dún méjì. Mo fẹ́ fi ìyẹn náà rẹ́rìn-ín… ẹ̀rín ò wá mọ́.

Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ jókòó. "Ẹni tó bá wà lóòró, ara ẹ̀ ti múra àtisá tàbí àtijà." Màmá Tíṣà náà ló wí bẹ́ẹ̀. Kí àwọn mẹ́rin jókòó sórí àga gbọọrọ kan, kí wọ́n kọjú sí omi, kí wọ́n sọ̀rọ̀ òkú — òkú tiwa tó wà lọ́dọ̀ wọn, òkú tiwọn tó wà lọ́dọ̀ wa. Ọlọ́wọ́-òsì ló ń ṣe ẹsẹ̀ àga lọ́hùn-ún. Kí èmi ṣe ìjókòó. Àga kan, ìdajì níbí, ìdajì lọ́hùn-ún.

Ọlọ́wọ́-òsì. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa níṣẹ́, ẹní kan náà la sùn lé fún ọdún mẹ́rin. Mi ò ní láti béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀. Mo mọ ibi tó máa gbẹ́ ihò sí. Mo mọ ìró òòlù ẹ̀ náà — ẹ̀ẹ̀mejì wẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀kan gbì — bí ọ̀gá ṣe kọ́ wa. Omi a máa gbé ìró wá. Bí tèmi bá dákẹ́, mo ń gbọ́ tiẹ̀. Pósí lòun náà ń kàn. Kí ló tún kù tí káfíńtà ń kàn?

Inú mi sì máa ń… kí n má sọ ọ́. Ta ni mò ń sá fún? Kò sẹ́nì kan níbí. Inú mi máa ń dùn. Òun nìyẹn. Bí òòlù ẹ̀ bá ti dún, inú mi á dùn, torí mo mọ̀ pé ìbọn tiwa ti bà wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tí ìwé dé nípa Agùntáṣọọ́lò… Ọmọ mi kan ṣoṣo. Ìyá ẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn, torí kò sí ṣòkòtò tó ń bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìwé ní ó ṣubú lódìkejì odò, pé wọ́n á gbé e wá. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo kan pósí ẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ní kí ìyá ẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sókè orí mi, kó wá fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kún un, torí ọmọ náà ga jù mí lọ. Láti ọjọ́ náà kò wọ ilé iṣẹ́ mi mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń gbé oúnjẹ mi sí. Wọn ò gbé e wá. Eku bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ sínú pósí, mo kan ìdérí ẹ̀ pa. Ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ — àwọn àgbà ń sọ ọ́ bí ẹni pé èèyàn lè yan ọ̀kan. Èmi, méjèèjì ni wọ́n fún mi.

Òòlù Ọlọ́wọ́-òsì kò sinmi lọ́sẹ̀ yẹn. Mo jókòó síbí, mò ń kà á. Pósí mọ́kàndínlógún. Mo gbàdúrà kó pé ogún.

Pákó kò sí, mo ní. Ìdérí yẹn nìkan ló kù nílùú yìí tó gùn tó ẹni mẹ́rin. Tí wọ́n bá gbé ọmọ mi dé lọ́la ńkọ́? Kí n fi aṣọ bò ó bí ẹni tí kò ní bàbá? Kí bàbá tún wá jẹ́ káfíńtà… Rárá. Kí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí Màmá Tíṣà sọ lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí wọ́n ti kẹ́yìn sí mi… mo ti ń lé e láti àárọ̀, kò lọ. "Ọlọ́wọ́-òsì ní kí n sọ fún ẹ. Gbogbo ọmọ tiwa tó kú sọ́dọ̀ wọn, òun ló kan pósí fún wọn. Ó ní òun ò jẹ́ kí wọ́n wọlẹ̀ lásán. Ó ní ọ̀gá yín ò kọ́ yín bẹ́ẹ̀."

Irọ́ ni. Ó lè jẹ́ irọ́… Níbo ló ti rí pákó? Ìwọ òpònú, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ilé ìlagi wà. Pákó kún ọwọ́ ẹ̀. Tó bá fẹ́, ó lè fúnra ẹ̀ kan gbogbo àga náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní kí n ṣe ìdajì. Kò nílò mi, ó sì ní kí n ṣe ìdajì.

Gbogbo wọn, ó ní. Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ yẹn… ẹ̀ẹ̀mejì wẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀kan gbì. Nínú mọ́kàndínlógún yẹn, ọ̀kan ní láti gùn ju àwọn yòókù lọ. Mo jókòó síbí, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kan pósí ọmọ mi, inú mi sì ń dùn. Mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tún kàn sí i. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn fún àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ̀mú wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo mú un. Ìṣó àkọ́kọ́ ń ké bó ṣe ń jáde, ó ti dípẹtà. Èkejì. Mo lè fún wọn ní pákó kí n má lọ. Màmá Tíṣà ní "èmi àti ìwọ" ni méjì tiwa tó máa jókòó, pé Ọlọ́wọ́-òsì wà nínú méjì tiwọn, bí ẹni pé a ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ni mo fẹ́ bá Ọlọ́wọ́-òsì sọ? Pé ó kú iṣẹ́? Pé… ṣé ẹsẹ̀ ọmọ mi ò ká nínú pósí? Báwo lo ṣe wọn gíga ẹ̀? Ta ló dùbúlẹ̀ fún un? Ìṣó kẹta. Ìkẹrin.

Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo kàn án pa, síbẹ̀ mo yọjú wò ó. Lẹ́búlẹ́bú pákó, ìtẹ́ eku. Ọdún méjì ni mo fi ń ṣọ́ ọ.

Mo gbé ìdérí lé búlọ́ọ̀kù méjì. Mi ò tíì gbà láti lọ o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè gbé èèyàn. Pákó tó bá pẹ́ ní kọ̀rọ̀, ó lè ti wọ́. Mo jókòó lé e. Kò ké, kò tẹ̀. Igi gidi ni. Òòlù ti dákẹ́ lọ́hùn-ún. Ó tó, kí n dìde.

Mi ò dìde. Mò ń wo ibi tí mo jókòó sí. Èmi nìkan ni mo wà nínú ilé iṣẹ́ yìí, pákó nà lọ gbọọrọ, àárín ló yẹ kí n wà. Ìpẹ̀kun ni mo wà, mo fún ara mi pọ̀ mọ́ etí pákó. Àyè ẹni mẹ́ta ni mo fi sílẹ̀.