Máìkì Olówó Pọ́ọ́kú

Ìbàdí ni gbogbo ayé ń pe díjéè náà, nítorí bó bá ti gbé orin sí i, kò sí ìbàdí tó lè jókòó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ orin, kò sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Máìkì tí kò ní wáyà ló ń wá, kì í sì í ṣe fún ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ ló fẹ́ sọ̀rọ̀.

Jẹjẹrẹ ti mú bàbá náà lọ́fun. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn dókítà yóò gé gògóńgò rẹ̀ kúrò, ohùn yóò sì bá a lọ pátápátá. Bàbá tó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ibùdókọ̀, tó ń pe èrò sọ́kọ̀ láràárọ̀ láìgba máìkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Ariwo ẹ́ńjìnnì ti di í létí, kò sì mọ̀wé kọ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba ohùn tó kù fún un kò ju kẹ̀lẹ́kẹ̀lẹ́ lọ. Ó ti sọ fáwọn ọmọ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà níkùn òun, pé ọ̀sán Sátidé lòun máa sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí pé kó sọ ọ́ nílé, ó ní rárá.

Ìbàdí ní máìkì oníwáyà kan tí kò já a kulẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni kò gbà. Ẹ̀gbọ́n yìí máa ń sọ pé "bàbá mi" bí ẹni pé òun nìkan ni wọ́n bí.

"Wáyà kẹ̀? Kí ọ̀pá bàbá mi wá kọ́ wáyà, kí wọ́n ṣubú lójú gbogbo èèyàn? Lọ ra èyí tí kò ní wáyà, jàre. Ṣebí iṣẹ́ ẹ ni."

Ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù to máìkì mẹ́ta sórí gíláàsì fún un. Ìbàdí mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wí pé, "Hẹ̀lóò, hẹ̀lóò." Gbogbo wọn ló dáhùn ketekete. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá díjéè, gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Èyí tó wọ́n jù yìí, ẹ fi sílẹ̀, àwọn olówó ló wà fún. Ti àárín yìí lẹ lè yí ìkànnì ẹ̀ padà. Bẹ́nì kan bá ti wà lórí ìkànnì tẹ́ ẹ wà, ẹ ó sá fún un. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ́ọ́kú yìí, ojú kan ló ń gbé. Bí irú ẹ̀ bá wà nítòsí, ohùn tó bá lágbára jù ni àpótí tó ń gba ohùn ẹ̀ máa gbọ́."

"Eríàlì ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìdí ẹ̀ níbí ni. Ẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó pé kó dì í mú láàárín. Tó bá fọwọ́ bo ìdí ẹ̀, ohùn ò ní lọ dáadáa o."

Ìbàdí mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ó ti tún ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ ìyàwó ṣe lórí máìkì, ó sì ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi dì í mú dáadáa. Ti àárín gan-an lọkàn rẹ̀ fẹ́, àmọ́ sípíkà tó jóná ti gbọ́n àpò rẹ̀ gbẹ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni, ó sì mú èyí tó pọ́ọ́kú.

"Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á o," ni obìnrin náà wí, bó ṣe ń dì í sínú ọ̀rá.

Láàárọ̀ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Ìbàdí dán máìkì náà wò nínú gbọ̀ngàn. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn dé àgbàlá, kò já rárá. Àyà rẹ̀ balẹ̀. Gbọ̀ngàn mìíràn wà tó fara ti tiwọn, ògiri kan náà ló là wọ́n láàárín, àgádágodo ńlá sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan ń já àga ṣíṣẹ́po kalẹ̀ níwájú ibẹ̀. Ìbàdí kí wọn kú iṣẹ́, ó sì wọlé padà lọ. Àní ó kí wọn! Ọgbọ́n tó yẹ kó bi wọ́n pé irú máìkì wo ni wọ́n ń gbé bọ̀ kò wá sí i lórí.

Nígbà tó dọ̀sán, ẹbí ti kún inú gbọ̀ngàn. Wọ́n fi Bàbá jókòó sórí àga gíga níwájú, òun nìkan, ẹ̀gbọ́n sì wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń gba àlejò. Ìbàdí tan ẹ̀rọ tí yóò gba ohùn tó bá ti inú máìkì wá sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi máìkì lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Bàbá di ìdí máìkì mú. Ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ bò ó, bó ṣe máa ń di orí ọ̀pá rẹ̀ mú.

Ìbàdí rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbéra láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ojú àwọn àgbà ẹbí wà lára rẹ̀, àwọn àbúrò Bàbá, àwọn àna. Ta ni yóò di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú láwùjọ, kó máa kọ́ ọ bí ọmọ jẹ́léósinmi, lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ẹnu rẹ̀? Ojú tì í. Ó fà sẹ́yìn, ó padà sídìí tábìlì rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Bàbá la ẹnu. "Ẹ̀yin ọmọ mi," ni sípíkà wí, ó gbó, ó ha, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. "Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Àgàgà ìwọ, ọmọ mi ọkùnrin..."

Sípíkà ha ṣìì. Ni ohùn ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí bá bú jáde.

"Ẹni tó ni ọkọ̀ pupa tó dí ẹnu ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé e kúrò! Ọkọ̀ pupa o!"

Ètè Bàbá ń mì. Ohùn àjèjì náà ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó ń pe ọlọ́kọ̀, ó ń dá àwàdà, àwọn èèyàn tí a kò rí sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri. Àna kan pòṣé. Ẹ̀rù ba Ìbàdí. Ó pa ohùn náà. Ilé wá dákẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, Bàbá ń sọ̀rọ̀, a kò gbọ́ nǹkan kan, fáànù nìkan ló ń kùn. Ìbàdí fa máìkì oníwáyà rẹ̀ yọ nínú àpótí, ó ki wáyà rẹ̀ bọ ẹ̀rọ, ó sáré, wáyà fà gbọ̀n-ọ́n, kò dé ibẹ̀. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ bá Bàbá lọ́wọ́ òfo.

Kó tó débẹ̀, Bàbá ti gbé máìkì sórí itan. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó sọ ẹrù wúwo kalẹ̀. Etí rẹ̀ tó di kò jẹ́ kó mọ ohun tí ayé gbọ́.

Ìbàdí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì dìde sórí orúnkún. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sì fi èémí tó kù bi í létí pé:

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe rò ó?"

Kí ni Bàbá sọ? Kí ni òun rò? Ìbàdí wo ojú tó ń retí yìí. Kò ní agbára láti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ti ṣègbé, pé ọkọ̀ pupa ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó ronú pé "bẹ́ẹ̀ ni" tí ọmọ bá sọ kì í pa baba. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tún mì ín lẹ́ẹ̀kejì, kó lè dá a lójú.

Bàbá wò ó pẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú rẹ̀ ṣá díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé "rárá" ló ti ń retí. Ó la ẹnu, atẹ́gùn lásán ló jáde. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ọmọ rẹ̀.