Àgbo Inú Tíì

"Ṣé ẹ ń lo nǹkan mìíràn mọ́ oògùn tiwa?"

Káfíńtà tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi orí fún dókítà obìnrin náà. Funfun ojú rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú. "Rárá o. Ohun tí ìyàwó mi bá gbé fún mi náà ni. Obìnrin yẹn kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé mi."

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, fẹ̀yìn ti ògiri.

Láti ọdún tó kọjá ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti dé sí ọkọ rẹ̀ lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ kan tó ń jí àwọn ọmọ ogun inú ara dìde, kí wọ́n lè dá jẹjẹrẹ mọ̀ lọ́tàá. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹrin, kókó jẹjẹrẹ náà súnkì, ọkùnrin náà sì padà sídìí pákó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn aránṣọ kò balẹ̀. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, ó gba ọ̀dọ̀ ìyá eléwé lọ. Ọkọ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀: "Ọ̀kan ni mo dì mú. Má fi ewé kún un." Ni aránṣọ bá ń yọ́ àgbo bù sínú tíì ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́.

Dókítà pa ìwé àyẹ̀wò dé. "Ẹ̀dọ̀ yín ló ń bàjẹ́, òun ló jẹ́ kí ojú yín pọ́n báyìí. A jẹ́ pé abẹ́rẹ́ wa ló fà á nìyẹn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. A ò ní lè fún yín lábẹ́rẹ́ náà mọ́."

"Òun sì ni mo gbójú lé," ni káfíńtà wí jẹ́ẹ́.

Aránṣọ kúrò lára ògiri. "Ẹ dákun, dókítà. Mò ń fún un ní àgbo. Ó ti lé lóṣù kan. Kò mọ̀."

Dókítà wò ó títí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni nọ́ọ̀sì bi yín."

"Mo rò pé ẹ máa lé wa ni."

"A kì í lé èèyàn torí ewé. Ká ní ẹ sọ ni, à bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ó lè bá abẹ́rẹ́ rìn. Ní báyìí, mi ò mọ èyí tó ṣèkà nínú méjèèjì. Ó ṣeé ṣe ká má mọ̀ ọ́n láé. Ẹ gbé àgbo náà wá lọ́la. Bí ẹ̀dọ̀ bá bọ̀ sípò, a lè tún gbìyànjú. Mi ò ṣèlérí o."

Nígbà tí dókítà jáde, káfíńtà yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Mo rò pé àìsàn ló jẹ́ kí tíì máa korò lẹ́nu mi," ló wí.

"Ẹ má bínú, bàbá àwọn ọmọ. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Èmi tí mo ni àìsàn ńkọ́? Ṣé ẹ̀rù ò ba èmi ni?" Ó kọjú sí ògiri. "Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kó máa gbé oúnjẹ mi wá láti ọ̀la lọ."

Aránṣọ bọ́ síta, ó pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ó sì jíṣẹ́.

"Kí ló dé? Ṣé kò sí nǹkan o?" ni ẹ̀gbọ́n náà bi í.

Ó ti fẹ́ sọ pé iṣẹ́ ìránṣọ ló wọ òun lọ́rùn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Èmi ni mo ṣe é."